Àgbéyẹ̀wò Àkójọpọ̀ Eré Mr. Bean: Iṣẹ́ Ńlá tí Rowan Atkinson Fi Ara Ṣe

Àkójọpọ̀ eré Mr. Bean lórí àwo DVD ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, èyí tí ó kó gbogbo apá 15 tí Rowan Atkinson ṣe láàárín ọdún 1990 sí 1995 pọ̀ sójú kan. Ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ni ó ti rí díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó wò ó tẹ̀ léra wọn ni yóò mọ bí iṣẹ́ tí òṣèré yìí ṣe ti le tó.

Ìlú Consett, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Atkinson ní ọdún 1955, àgbẹ̀ sì ni bàbá rẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni ó kọ́ ní Yunifásítì Newcastle kí ó tó lọ gba oyè kejì ní Oxford, níbi tí ó ti pàdé Richard Curtis, tí wọ́n jọ kọ eré náà, àti Howard Goodall, tí ó ṣe orin rẹ̀. Lójú tèmi, ìmọ̀ ẹ̀rọ yẹn kò lọ lásán. Nínú apá kan tí ó jáde ní ọdún 1994, Bean ra ẹrù títí ọkọ̀ Mini rẹ̀ fi kún, kò sì sí àyè fún òun fúnra rẹ̀ mọ́. Ni ó bá gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú sórí ọkọ̀, ó jókòó sínú rẹ̀, ó sì ń fi okùn àti igi ìgbálẹ̀ wa ọkọ̀ náà láti òkè.

Apá kìíní ni mo fẹ́ràn jù. Ní etíkun, ó fẹ́ wọ ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan jókòó sí tòsí, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó bọ́ra. Ó wá fa ti ìlúwẹ̀ẹ́ wọ̀ lé èyí tí ó wà lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n yọ ti inú jáde lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ojú ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àṣé ọkùnrin náà kò ríran! Màmá mi, tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọn kò sì ní kí n túmọ̀ ohunkóhun.

Bean kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ni kò sí lẹ́nu Atkinson. Nínú Blackadder, eré àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n mìíràn tí ó ṣe láti 1983 sí 1989, ẹnu ni ó fi ṣe gbogbo àwàdà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ akólòlò ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé ìkólòlò náà máa ń fi òun sílẹ̀ nígbà tí òun bá ń ṣe bí ẹlòmíràn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ọ̀rọ̀ tì nínú Mr. Bean ni, ìdí nìyẹn tí mo fi bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ̀rín àwọn òǹwòran tí wọ́n fi sínú rẹ̀ máa ń pọ̀ jù nígbà mìíràn, àwọn apá ìparí kan kò sì ta yọ bí ti ìbẹ̀rẹ̀. Eré àwòrán tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 dára fún ọmọdé, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ara àti ojú Atkinson gan-an. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn páálí rẹ̀ wò, nítorí àwo tí mo kọ́kọ́ rà lẹ́bàá ọ̀nà kò ní apá tí Bean ti ń gẹ irun fún àwọn ènìyàn, èyí tí wọ́n gbé jáde lórí fídíò ní àkọ́kọ́ dípò tẹlifíṣọ̀n.

Mo gba gbogbo ilé tí àgbà àti ọmọdé jọ ń gbé níyànjú láti rà á. Kí ẹni tí ó bá wò ó tán sì wá ìṣíde Olympics ti London ní ọdún 2012, tí kò sí nínú àkójọpọ̀ náà: ìka kan ṣoṣo ni Atkinson fi ń tẹ dùùrù níbẹ̀, ohùn kan náà léraléra, pẹ̀lú ojú ẹni tí iṣẹ́ ti sú, nígbà tí London Symphony Orchestra ń bá orin wọn lọ.