Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀: oṣù márùn-ún rèé tí mo ti ń wọ̀ ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ojú aránṣọ rí

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ. Aránṣọ sì ni mí o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi téèpù wọn àyà àti ìdí onítọ̀hún àti onítọ̀hún, mo wá lọ ra ohun tí kò bá mi mu. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìbọ̀sẹ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan fún àwọn, mo sì fura pé ohun tó ṣe mí ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn ò wọn ẹsẹ̀ dáadáa ni. Ìbọ̀sẹ̀ ò jẹ̀bi.

Kí ó lè yé wa: ìbọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yàtọ̀ sí ìbọ̀sẹ̀ lásán. Wọ́n hun ún kó lè fún ẹsẹ̀ mọ́ra, ọrùn ẹsẹ̀ ló ti ń fún jù, ó sì ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Tèmi dé ìsàlẹ̀ orúnkún. "Afúnsẹ̀" ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é, orúkọ yẹn náà ni mo máa lò.

Ẹsẹ̀ mi ti ń wú tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà. Tí mo bá jí, kò sí nǹkan kan. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, bàtà tí mo wọ̀ jáde láàárọ̀ ò ní gbà mí mọ́, okùn rẹ̀ á ti fi àmì sí òkè ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kan mo fi àtàǹpàkò tẹ iwájú ojúgun mi, mo ka ení, èjì, títí dé mẹ́wàá, mo gbé e kúrò. Ihò náà dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ amọ̀ tútù. Ọmọ iṣẹ́ mi tó rí i ní, "Ọ̀gá, ẹ lọ rí dókítà o." Mo ní jíjókòó ló fà á, mo kọjú sí iṣẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó lọ.

Inú mi dùn pé mo lọ kí n tó ra ohunkóhun. Dókítà náà ò tíì dárúkọ ìbọ̀sẹ̀ rárá tó fi yẹ ara mi wò tán. Ó wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó gbọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró mi. Ó ní kí n tọ̀ sínú ike, kí wọ́n wò ó bóyá purotéènì ń jò gba inú kíndìnrín. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti fi yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ wò. Ó fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kì-kì lókè ẹsẹ̀ mi, ọ̀tún àti òsì. Ó bi mí bóyá èémí máa ń há mi tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja. Ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń wú àbí ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Oògùn wo lẹ̀ ń lò, mà?"

Mo ní n kò lo oògùn kankan. Mi ò parọ́ o. Ibuprofen tí mò ń gbé mì lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀yìn tó ń ro mí, mi ò kà á kún oògùn ni. Ló bá gbé ojú sókè wò mí. Ó ní oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac máa ń jẹ́ kí kíndìnrín há iyọ̀ àti omi mọ́ ara. Ó ní amlodipine tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò sí ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń wú ọrùn ẹsẹ̀, prednisolone, oògùn sitẹ́rọ́ìdì, náà sì ń wú ara. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí pé ẹni tí dókítà bá kọ oògùn fún ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó padà lọ sọ fún ẹni tó kọ ọ́, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Tèmi ò ní ẹni tó kọ ọ́, èmi ni mo fún ara mi. Mo jáwọ́ ńbẹ̀, wíwú náà fà lóòótọ́, àmọ́ kò lọ tán. Èyí tó kù yẹn ni dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ló fà á, òun ló sì gbé wa dórí afúnsẹ̀.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ọkàn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló sì máa gùn. Nínú iṣan tó ń gbé e padà, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà tó ń ṣí sókè nìkan, tí wọ́n ń tì kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣubú padà. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ló ń tì í lọ: bá a bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ló ń fún iṣan náà, bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Tí ilẹ̀kùn yẹn bá wá dẹ̀, tàbí téèyàn jókòó gbagidi láti òwúrọ̀ títí dalẹ́, ẹ̀jẹ̀ á gbára jọ sísàlẹ̀, omi ara rẹ̀ á sì máa yọ́ jáde sínú ẹran ara. Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi rántí nǹkan kan. Ẹ̀rọ tá a fi ẹsẹ̀ méjèèjì ń wà ni mo fi kọ́ṣẹ́, láti àárọ̀ dalẹ́ ni ọrùn ẹsẹ̀ mi ń lọ tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ mi ò sì wú lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ oníná ni mò ń lò báyìí, ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, mo ti dàgbà sí i, mi ò lè di gbogbo ẹ̀ ru ẹ̀rọ.

Ẹni tí wọ́n ní ó ṣe irú ìbọ̀sẹ̀ tó ń dẹ̀ bó ṣe ń gòkè yìí ni Conrad Jobst, ẹnjiníà ọmọ Jámánì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Àìsàn iṣan ń dá egbò sí òun fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó wá ṣàkíyèsí pé tí òun bá dúró nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, ara ń tu òun. Omi tó jìn ń tẹ nǹkan ju omi tó wà lókè lọ, torí náà ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń rí ìfúnmọ́ jù, orúnkún tẹ̀ lé e. Láàárín àwọn ọdún 1950, ó ṣe ìbọ̀sẹ̀ tó ń ṣe bí omi yẹn. Mo ti gé aṣọ ní oríṣiríṣi ọ̀nà láyé mi, mi ò gbọ́ ọ rí pé èèyàn wo omi, ó sì gé e.

Lára páálí rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà: 15–20, 20–30, 30–40, pẹ̀lú mmHg níwájú wọn. Ohun tí wọ́n fi ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni. 15–20 wà fún ẹni tó ń jókòó tàbí tó ń dúró pẹ́, tàbí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò jíjìn. 20–30 ni dókítà yàn fún mi. Èyí tó lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dá a rà.

Wàyí o, àṣìṣe mi. Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọn ẹsẹ̀ mi, lẹ́yìn tí mo pa ẹ̀rọ tán. Ọrùn ẹsẹ̀ jẹ́ ínṣì 10½. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́, wọ́n fi èyí tó bá a mu ránṣẹ́ sí mi. Tí mo bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, tẹ́sẹ̀ mi ti fà, ṣe ló ń yọ̀ wá sílẹ̀, ó ń ká jọ sí ọrùn ẹsẹ̀, ibi tó ká jọ sí yẹn sì ń gé mi jẹ. Ọgbọ́n orí mi wá sọ pé kí n ká etí òkè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dúró. Ẹ má dán an wò! Kó tó di ọ̀sán, ó ti di okùn mọ́ mi nísàlẹ̀ orúnkún, ìka ẹsẹ̀ mi ń ta mí jìnjìn. Ó wá ń fún jù níbi tó yẹ kó ti dẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ gòkè ò ráàyè kọjá. Oníbàárà ló bá mi lórí ìjókòó tí mo ń bọ́ ọ.

Mo padà wọn ọ́n bó ṣe yẹ, láàárọ̀, lórí ibùsùn, kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ níbi tó tín-ín-rín jù, lókè kókósẹ̀: ínṣì 9. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun níbi tó nípọn jù: 14½. Láti ilẹ̀ dé ibi tí orúnkún ti ń ká lẹ́yìn: 16. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Èyí tó bá ìwọ̀n yìí wá, ilé iṣẹ́ kan náà, àwọ̀ kan náà, ló wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Wíwọ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ẹsẹ̀ kan, mo làágùn. Ọgbọ́n tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi ni pé kí n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí n di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, kí n sì fà á síta tí inú á fi di ìta títí dé gìgísẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, kí n ki àtẹ́lẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí n rí i pé gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ jókòó sórí gìgísẹ̀ mi gan-an, kí n wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tì í gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ló gbà mí. Ó ń di aṣọ náà mú, èékánná ò sì ní ya á. Ẹni tó bá fi ìpara pa ẹsẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́ máa jìyà. Alẹ́ tí mo bá bọ́ ọ tán ni mo máa ń para. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni mò ń lò báyìí.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Téèpù ni kó dáhùn. Kí n tó ní i, 9 láàárọ̀, 10½ nírọ̀lẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ti ń wọ èyí tó bá mi mu, 9 láàárọ̀, 9¼ nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ mi ò tún wúwo bí òkúta mọ́ tí mo bá ń lọ sílé. Àmọ́ ọjọ́ ìsinmi kan tí mo ní kí n sinmi ẹ̀, ó ti di 10 kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò wo nǹkan kan sàn, ó kàn ń di í mú ni.

Ojú aránṣọ: híhun rẹ̀ dára, kò sí òwú tó já láti ìgbà tí mo ti ń fọ̀ ọ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ nípọn bó ṣe yẹ. Ibi ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àbòsí. Wọ́n rán ojú ìsopọ̀ rẹ̀ nípọn gba orí ọmọ ìka tó kéré jù, ó sì ń fà mí níbẹ̀ láti nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ọmọ iṣẹ́ tó bá rán irú ẹ̀ fún mi, màá ní kó tú u. Rọ́bà tó wà létí òkè máa ń yún mi tí ooru bá mú. Ooru gan-an, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe kékeré. Ọwọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ọṣẹ tí kò le, mi ò fún un, inú afẹ́fẹ́ lábẹ́ òjìji ni mo ń sá a sí.

Mi ò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìbọ̀sẹ̀. Ìgbàkígbà tí òwú bọ́bìnì bá tán, mo máa ń dìde, mo ń gbé gìgísẹ̀ sókè, mo ń gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lálẹ́ mo ń gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí títí yóò fi ga ju àyà lọ, bí ìṣẹ́jú ogún. Gbígbé e lé orí àpótí lásán ò tó. Mo dín iyọ̀ kù pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, bíi ṣíbí ìpotíì kan tí kò kún gògò.

Oníbàárà kan wá wọ aṣọ rẹ̀ wò, ó rí tèmi, ó ní òun náà fẹ́ rà. Ó ká aṣọ sókè. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wú, ó pọ́n, ó gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi, ó sì ní ó ti tó ọjọ́ méjì tó ti ń dun òun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi aṣọ sílẹ̀, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn báyìí." Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan. Tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, àyà á máa dunni, èémí á há, ó sì lè pànìyàn. Aláboyún tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé wú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, tàbí tí àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí tí ọkàn ń dà láàmú, kó má wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí dókítà fi wá ibi tó ń lù kì-kì lókè ẹsẹ̀ mi nìyẹn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ojú ìsopọ̀ ibi ìka yẹn ló gba ọ̀kan tó kù. Wọ́n ní láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni rọ́bà inú rẹ̀ máa ń rẹ̀, tèmi sì ti ń dẹ̀ lóòótọ́: lọ́sẹ̀ tó kọjá ó di 9¾ nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀ òní mo tún wọn ẹsẹ̀ mi lórí ibùsùn. 9, 14½, 16. Mo ti kọ̀wé béèrè òmíràn, èyí tí wọn ò bo ìka rẹ̀.