8279 lọ́wọ́ mi: àgbéyẹ̀wò IC tó ń ṣọ́ kíbọọ̀dù àti iná nọ́ńbà fún 8085

Tòkunbọ̀ ni bọ́ọ̀dù ìkọ́ṣẹ́ 8085 tí mo ń lò. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń tú ẹrù láàbù ilé-ìwé kan tà ni mo ti rà á. Kíbọọ̀dù kékeré wà lórí rẹ̀, iná nọ́ńbà 6, 8085 fúnra rẹ̀ (microprocessor, ọpọlọ bọ́ọ̀dù náà), àti IC ẹlẹ́sẹ̀ 40 kan tí wọ́n kọ P8279-5 sí lẹ́yìn. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ 8085 títí ó fi sú èèyàn. 8279 ni tèmi lónìí, torí pé òun ni kì í sinmi lórí bọ́ọ̀dù yẹn, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni kì í yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ọmọ Poly tó ń wá ṣe IT ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣàngó. Màá ní kí wọ́n kọ ètò kékeré tó máa gbé nọ́ńbà mẹ́fà sójú iná, kí wọ́n fi HLT, àṣẹ tó ń dá 8085 dúró, parí ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é, 8085 á dákẹ́. Kò mú àṣẹ kankan mọ́, kò kọ nǹkan kan síbì kankan. Síbẹ̀ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á máa tàn lọ.

"Ọ̀gá, ta ló wá ń tan iná yìí?"

"Fọwọ́ kan IC ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yẹn."

"Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́."

"Òun ni."

Iṣẹ́ tó gbà lọ́wọ́ microprocessor kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, iṣẹ́ ìyọnu ni. Àwọn iná nọ́ńbà wọ̀nyẹn kì í tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà segment (àwọn ìlà iná tó ń para pọ̀ di nọ́ńbà) kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò, nítorí náà ọ̀kan á tàn, á kú, èkejì á tàn, á kú, kó yára débi pé ojú kò ní mọ̀. Bọ́tìnnì náà ní wàhálà tiẹ̀: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, irin inú rẹ̀ á gbọ̀n, á kan ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà kó tó jókòó. Bí 8085 bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe méjèèjì, kò gbọdọ̀ gbójú kúrò níbẹ̀. Tó bá lọ ṣe ìṣirò gígùn kan, iná á máa ṣẹ́jú, bọ́tìnnì tí wọ́n bá sì tẹ̀ lákòókò yẹn ti ṣòfò.

8279 ní RAM, ìyẹn ibi ìrántí, byte 16 nínú fún iná nọ́ńbà. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Òun ló máa yí i ká títí ẹ ó fi yí ọkàn padà. Bí kílọ́ọ̀kì inú rẹ̀ bá jẹ́ 100 kHz, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan á tàn fún 480 µs, lẹ́yìn náà òkùnkùn á wà fún 160 µs kí àwòrán nọ́ńbà tó kọjá má baà ta sí ara èyí tó ń bọ̀. Òkùnkùn kékeré yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ọgbọ́n IC yìí. Mo ti rí ètò táwọn èèyàn fọwọ́ kọ tí 8 ń ṣe òjìji lẹ́yìn 1, torí wọn ò rántí pa iná kí wọ́n tó pààrọ̀ nọ́ńbà.

Ibi tí ẹ ó ti jàǹfààní ni èyí: tí 8279 bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láti reset, ìyẹn àtúnbẹ̀rẹ̀, ohun tó gbà lọ́kàn ni pé nọ́ńbà 16 ló wà níwájú òun. Yíká mẹ́rìndínlógún ń gbà á ní 10.3 ms. Mẹ́fà ni tèmi, ó wá ń fi àkókò tan iná ibi mẹ́wàá tí kò sí nǹkan kan. Mo pààrọ̀ àṣẹ 08H (H ń sọ pé hexadecimal ni, ìkà onímẹ́rìndínlógún) sí 00H, tí í ṣe ti iná nọ́ńbà 8, yíká di 5.1 ms, iná sì tàn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìfọwọ́ kan rẹsístọ̀ kankan. Ìbàdàn la sì wà o, wọ́n á mú iná lọ, wọ́n á dá a padà, gbogbo ìgbà tó bá padà dé ni 8279 á tún padà sí mẹ́rìndínlógún rẹ̀. Inú EPROM, ibi ìrántí tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ, ni kí àṣẹ yẹn wà, kó lè jẹ́ ohun tí 8085 máa kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀kì kò le. Kírísítà 6.144 MHz ló wà lórí bọ́ọ̀dù mi, 8085 á pín in sí méjì, á gbé 3.072 MHz fún 8279, 8279 náà á wá fi 31 pín in, ó kù díẹ̀ kó tó 100 kHz. 31 yẹn ni reset ń fún un, òun náà ló pọ̀ jù tó lè gbà. Ṣùgbọ́n bí kírísítà yín bá jẹ́ 4 MHz, 2 MHz ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, 20 ló yẹ kó fi pín in: ẹ kọ 34H sí i. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, kò ní dáṣẹ́ sílẹ̀, á kàn máa wọ́ ẹsẹ̀.

Ní ti kíbọọ̀dù, ìlà 8 lọ́nà 8 ló ń ṣọ́, bọ́tìnnì 64 nìyẹn, SHIFT àti CNTL sì ní ẹsẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Ká ní mo tẹ bọ́tìnnì tó wà ní ìlà scan 2 (èyí tí 8279 fi ń yẹ kíbọọ̀dù wò), ìlà return 5 (èyí tó fi ń gba ìdáhùn). 8279 á rí i, á dúró fún nǹkan bí 10.3 ms kí irin gbígbọ̀n rọlẹ̀, á tún wò ó. Bó bá ṣì wà ní títẹ̀, á kọ 010 àti 101 tẹ̀ léra, ìyẹn 15H, sínú FIFO, ìlà ìdúró tí bọ́tìnnì ń tò sí nínú rẹ̀. Ẹ fọkàn sí i: ilẹ̀ ni wọ́n so SHIFT àti CNTL mọ́ lórí bọ́ọ̀dù tèmi. Bí wọn kò bá so tiyín mọ́ nǹkan kan, bit méjèèjì tó wà lókè á jẹ́ 1, bọ́tìnnì yẹn kan náà á sì di D5H. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ IRQ, tó fi ń pe 8085, á gòkè; lọ́dọ̀ mi, RST 5.5, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ interrupt (ìpè tó ń dá 8085 lẹ́nu iṣẹ́), ló lọ bá, 8085 á sì fò lọ sí 002CH láti wá kó o.

FIFO náà ń gba bọ́tìnnì 8. Èyí tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ jáde. Bí ìkẹsàn-án bá dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kó nǹkan kan níbẹ̀, bit overrun (àkúnya) á dìde nínú status, byte tí 8279 fi ń sọ ipò tó wà. Ọmọ èèyàn kankan kò lè tẹ bọ́tìnnì yára tó bẹ́ẹ̀ bí interrupt bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí mo bá ti rí overrun, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti gbàgbé EI, àṣẹ tó ń jẹ́ kí 8085 gba interrupt.

2-key lockout, tí kì í gba bọ́tìnnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ni mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. N-key rollover, tó ń gba bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n tiẹ̀ tẹ̀ wọ́n pọ̀, dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n tí kò bá sí dáyóòdù lára kíbọọ̀dù, títẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà ní igun onígun mẹ́rin á bí ìkẹrin tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀.

Ó kù sí ibì kan, ó sì kù gan-an. IC kan ni wọ́n ń polówó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kó ẹbí rẹ̀ jọ. Ẹsẹ̀ SL0 sí SL3 kì í yan nọ́ńbà fúnra wọn, ńṣe ni wọ́n ń kà, nítorí náà ẹ nílò 74LS138 tí yóò túmọ̀ ìkà náà. Wọn kò sì lágbára láti tan LED, ẹ nílò tíránsítọ̀ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà decoded wà, níbi tí SL ti ń yan nọ́ńbà fúnra wọn, tí kì í fẹ́ 138, àmọ́ nọ́ńbà 4 péré ló máa fún yín àti bọ́tìnnì 32. Lórí breadboard, pátákó ìdánwò tí a ń ki wáyà sí, wáyà á dà bí irun tí wọn ò yà. Àṣẹ clear tún ní ìwà tiẹ̀: lẹ́yìn DCH, tí í ṣe àṣẹ náà, ó ń fi nǹkan bí 160 µs pa RAM rẹ́, kò sì gbọ́ràn láàárín ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ tí kì í wo bit 7 nínú status ló máa ń wá bi mí pé níbo ni nọ́ńbà wọn àkọ́kọ́ lọ.

Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tà ni, TM1638, IC míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ni kí ẹ rà. Nọ́ńbà 8, bọ́tìnnì 24, wáyà mẹ́ta péré, ó sì ń tan LED láìsí tíránsítọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ interrupt, kò sì ní FIFO. Ẹ̀yin lẹ ó máa lọ bi í bóyá ẹnì kan ti tẹ nǹkan. Fún ẹni tó ń kọ́ bí microprocessor ṣe ń bá ẹ̀rọ míì pín iṣẹ́, mo ṣì fara mọ́ 8279.

Rírà ló le. Mo ti bèèrè káàkiri Ògùnpa àti Dùgbẹ̀, ara bọ́ọ̀dù àtijọ́ ló pọ̀ jù, èyí tí wọ́n bá sì ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè ti fi ọ̀dà tuntun kọ orúkọ sí i lẹ́yìn. Tí 8085 bá ni yóò bá ṣiṣẹ́, ẹ wá èyí tó ní -5 ní ìparí. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má jó o mọ́ bọ́ọ̀dù tààrà. Ẹ fún un ní 5 V àti kílọ́ọ̀kì, ẹ reset rẹ̀, ẹ má kọ àṣẹ kankan sí i, kí ẹ wá fi mítà wo SL0 sí SL3. Èyí tó wà láàyè ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nìyẹn, mítà á dúró sí agbedeméjì. Tí ọ̀kankan nínú wọn bá dúró gbagidi sí 0 tàbí sókè pátápátá, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.