Wọ́n fọ eyín mi mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ dójú tì mí: ohun tí ojú mi rí ní ilé ìwòsàn eyín kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

"Màmá, ṣé ẹnu tó ń rùn lẹ bá wá ni, àbí eyín ló ń dùn yín?"

Bí ọmọ yẹn ṣe bi mí nìyẹn, ní gbangba, láti ẹ̀yìn tábìlì tí wọ́n ti ń gba káàdì. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo kà wọ́n, nítorí mi ò mọ ibòmíì tí mo lè gbójú sí. Mo ti ránṣọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wọn rí. Ọmọ náà kò lè ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ, mo lè bí i lọ́mọ. Kò rẹ ohùn sílẹ̀, kò dìde wá bá mi, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Káàdì ló ń kọ. Mo ní, "Erìgì mi ló ń ṣẹ̀jẹ̀." Ó ní, "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, Màmá." Mo tún un sọ.

Mo ní láti sọ èyí kí n tó yin ẹnikẹ́ni níbẹ̀, torí díẹ̀ ló kù kí n gbé báàgì mi kí n máa lọ. Ká ní mo lọ ni, mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́, ǹ bá sì ṣì máa gbé òkúta kiri lẹ́nu títí dòní. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Àwọn tó ni ín yóò mọ̀ pé àwọn ni.

Aránṣọ ni mí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ẹnu aránṣọ náà ń bá a ṣiṣẹ́: a ń fi ètè mú abẹ́rẹ́, a ń fi eyín já òwú. Ó ti lé ní ọdún 26 tí mo ti ń fi eyín iwájú já òwú. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́ bá ti ń kó aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ sí Ojúde Ọba dé, kò sí àyè pé à ń wá sísọ́ọ̀sì kiri. Lọ́dún yìí, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá, mo ń parí léèsì funfun kan tí olówó rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé nírọ̀lẹ́. Mo ta kókó sí òwú ọrùn rẹ̀, mo tẹrí ba, mo já a. Nígbà tí mo gbórí sókè, ẹ̀jẹ̀ ti kán sí ọrùn aṣọ náà. Kò ju èékánná ọmọ tuntun lọ, ṣùgbọ́n lórí léèsì funfun, ó tó.

Omi tútù àti ọṣẹ bá mi mú un kúrò. Mo jókòó lẹ́yìn náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ó ti ju ọdún méjì lọ tí mo ti ń rí i lára búrọ́ọ̀ṣì láràárọ̀. Ooru ara ni mò ń pè é. Mo á fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu, ó di ọjọ́ kejì. Eyín kò dùn mí rí, èmi sì gbà pé ẹni tí eyín kò bá dùn kò ní nǹkan tó fẹ́ wá lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún ẹnì kankan. Bí mo bá ń wọn ọrùn oníbàárà, wọ́n máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ń sọ fún ara mi pé teèpù ló ń yún wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ tó ń kọ káàdì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún.

Mo ti pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú. Wọ́n ní ₦18,000 ni wọ́n fi ń fọ eyín, kí n wá ní aago 9 àárọ̀. Mo dé kí 9 tó lù. Aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n tó pè mí wọlé. Ẹni méjì tó dé lẹ́yìn mi wọlé ṣáájú mi. Mo béèrè, ọmọ náà ní wọ́n ti gba ọjọ́ sílẹ̀. Èmi náà gba ọjọ́ sílẹ̀! Ó ní kí n ṣe sùúrù.

Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin tó wà nínú lọ́hùn-ún ṣe ni pé ó ti ilẹ̀kùn kó tó bi mí ní ohunkóhun. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ìjókòó." Ó fa àga, ó jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo pè é ní dókítà, ó ní òun kì í ṣe dókítà, òun jẹ́ dental therapist, pé iṣẹ́ tí òun kọ́ gan-an ni ìtọ́jú eyín àti fífọ eyín. Ohùn rẹ̀ jọ ti Rẹ́mọ, mo bi í, ó ní Ìpẹ̀rù ni. Ó béèrè bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá mò ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ti àtọ̀gbẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní in, mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ yẹ ṣúgà mi wò, kí n sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó wá, torí àtọ̀gbẹ máa ń jẹ́ kí àrùn erìgì le sí i, àrùn erìgì náà kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà tètè wálẹ̀.

Ó fún mi ní dígí kan mú dání, ó ti dígí kékeré bọ ẹnu mi, ó ní kí n wo ẹ̀yìn eyín iwájú mi nísàlẹ̀. Ògiri ni mo rí. Eyín mẹ́rin so pọ̀, kò sí àlàfo láàárín wọn, ó pupa rúsúrúsú. Mo ní ṣé eyín mi nìyí? Ó ní, "Eyín yín wà lábẹ́ rẹ̀, mà."

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Ohun tó máa ń yọ̀ lára eyín wa bí a bá jí láàárọ̀, kòkòrò àìfojúrí àti ìdọ̀tí oúnjẹ ni. Búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò lè gbá a lọ nígbà tó ṣì rọ̀. Bí ó bá sùn síbi tí búrọ́ọ̀ṣì kì í dé fún ọjọ́ mélòó kan, èròjà tó wà nínú itọ́ wa, irú èyí tó ń mú egungun le, yóò mú un gan. Tó bá ti gan di òkúta, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè ṣí i mọ́, ibi yòówù kí wọ́n ti rà á. Ó ń pọ̀ lẹ́yìn eyín ìsàlẹ̀ níwájú torí ibẹ̀ ni itọ́ ti ń sun jáde lábẹ́ ahọ́n. Ó tún ń pọ̀ lára àwọn eyín ńlá òkè, níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí itọ́ ń jáde níbẹ̀ náà. Mo ní àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń fọ ẹnu. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́: kò pè mí ní ọ̀bùn.

Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àmì lára bíi teèpù tèmi, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀ sáàárín eyín àti erìgì, ó ń ka nọ́ńbà. Mílímítà 1 sí 3 dára. Mo gbọ́ 4, mo tún gbọ́ 4, nígbà tó dé ẹ̀yìn lápá òsì, ó ní 5. Ó ní ẹ̀jẹ̀ nìkan ṣì ṣeé wò sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ibi tó ti jìn báyìí, erìgì ti ń ṣí kúrò lára eyín, àrùn náà sì lè ti máa jẹ egungun tó di eyín mú. Egungun tó bá ti lọ kì í hù padà fúnra rẹ̀. Kì í dunni bó ṣe ń lọ, ó ní ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá nígbà tí eyín bá ti ń mì. Mo rántí ìyá mi. Kò tíì pé ọgọ́ta ọdún tó ti ń fi ọwọ́ já ẹran sí wẹ́wẹ́ kó tó lè jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, ọjọ́ orí la sì kà á sí.

Àbúrò ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi pé bí wọ́n bá fọ eyín mi, ó máa mì. Mo sọ ọ́ fún obìnrin náà. Ó ní ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, eyín rẹ̀ ti ń mì tẹ́lẹ̀, òkúta yẹn ló ń gbé e ró. Ó yé mi lọ́nà iṣẹ́ tèmi. Kọ́là tó ti gbó, tí wọ́n lẹ gọ́ọ̀mù, aṣọ líle tó ń mú un dúró, mọ́ nínú, yóò dúró ṣánṣán. Ọjọ́ tí o bá yọ gọ́ọ̀mù lo máa rí i pé aṣọ ti gbó, kì í sì í ṣe yíyọ ló gbó o.

Ẹ̀rọ tó fi ń fọ eyín kò ní abẹ. Ẹnu irin rẹ̀ ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, omi ń tú jáde lára rẹ̀, ọ̀pá kan sì wà tó ń fa omi náà lẹ́nu mi. Ó ń han gooro. Ó ń ta mí lójú ibi tí erìgì ti wú, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí mo ti rò. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, nǹkan kan dún kọ́, ó bọ́ sórí ahọ́n mi. Ọkàn mi já. Mo na ọwọ́ sókè bó ṣe ní kí n ṣe, mo ní, "Ẹ ti kán eyín mi!" Ó fi ẹ̀mú gbé e lé tíṣù, ó mú un wá síwájú mi. Ó tó hóró ìrẹsì. Ẹ̀gbẹ́ kan dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ kejì pupa. Ibi tó kọjú sí eyín jin sínú, àpẹẹrẹ eyín mi wà lára rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò fọ́. Mo ní kó bá mi wé e. Ó wà nínú agolo bọ́tìnì mi ní ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìsàlẹ̀ parí, òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò jí. Láti inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ ọmọ orí tábìlì tó ń bá ẹnì kan jiyàn nípa ẹni tó yẹ kó ra epo. Ogójì ìṣẹ́jú! Ilé ìwòsàn tó ń gba owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí aláìsàn wà lórí àga pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n fọ lábọ̀. Obìnrin Rẹ́mọ yẹn kò sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa. Ó gbé àwọn irin ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ní kí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ tan fóònù sí ẹnu mi, ó sì ń ha eyín òkè mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dún bí ìgbà tí a bá ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí iná dé, ó padà fi ẹ̀rọ kọjá ibi gbogbo tó ti fi ọwọ́ ha, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ bó bá fò ó. Ó wá fi rọ́bà kékeré kan tó ń yí bírí àti ọṣẹ oníyanrìn dán eyín náà.

Ó ní kí n jù búrọ́ọ̀ṣì líle mi nù, kí n ra èyí tó rọ̀ àti ọṣẹ tó ní fluoride, èròjà tó ń mú eyín le. Pákò kò burú, kí n ṣáà máa tì í dé ẹ̀yìn eyín. Òwú wà tí wọ́n fi ń gbá àárín eyín, kì í ṣe òwú ìránṣọ o, ó tẹnu mọ́ ọn. Kí n má sì fi eyín já òwú mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá fọ̀ ọ́ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nítorí ibi tó jìn, kí èmi padà ní oṣù mẹ́ta.

Mo jáde tayọ̀tayọ̀, ọmọ yẹn ní owó mi jẹ́ ₦23,000. Káàdì ₦3,000, àyẹ̀wò ₦2,000. Mo ní ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe èmi lẹ bá sọ̀rọ̀." Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, mo dá a mọ̀. Àríyànjiyàn náà dé etí dókítà tó ni ibẹ̀. Ó jáde, ó yọ owó àyẹ̀wò kúrò, ó wọlé padà. Kò tọrọ àforíjì, kò sì sọ fún ọmọ náà pé kó tọrọ.

Omi tútù ta mí léyín fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ahọ́n mi ń wá ògiri tó ti mọ̀, àlàfo ló ń bá. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, búrọ́ọ̀ṣì mi funfun láàárọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Léèsì tó kù, sísọ́ọ̀sì ni mo fi já òwú wọn. Mo wọn ọrùn obìnrin kan lọ́jọ́ Sátidé, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú títí mo fi wọ̀n ọ́n tán.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yẹn tó 5, mo sì ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ẹnu ń ṣe ló ti dé ọ̀dọ̀ tábìlì yẹn, tí wọ́n gbọ́ ìbéèrè yẹn, tí wọ́n yí padà kí ó tó ti ilẹ̀kùn fún wọn?

Mo ti gba ọjọ́ fún oṣù mẹ́ta òní, mo gba ti ọkọ mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn. Obìnrin Rẹ́mọ náà fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, òun ni mo pè, òun ni mo sì sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún.