Mo yáwó sìn adìyẹ ní Àkúrẹ́: ohun tí ojú mi rí

“Màmá, ẹ lọ pe Dádì wá kí wọ́n wá fọwọ́ sí i.”

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ èyí. Báńkì kékeré kan níbí ló ní òun ń yá obìnrin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ lówó. Adìyẹ ẹlẹ́yin ni mo fẹ́ sìn, lọ́nà Ọ̀dà, lórí ilẹ̀ ẹbí bàbá mi. BVN ti wà ńlẹ̀, fọ́tò ti wà ńlẹ̀, oníduùró méjì ti fọwọ́ sí i. Ọmọ tó jókòó sí káńtà yẹ fọ́ọ̀mù wò títí, ó ní ó ku ọkọ. Mo ní opó ni mí. Ó ní ṣé mi ò ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni? Ẹ sì wò ó o, bàbá tó tò sẹ́yìn mi wá yáwó tiẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìyàwó. Mo pariwo débi pé máígádì wọlé.

Ọ̀gá wọn obìnrin ló jáde. Kò bẹ̀ mí, kò sì bá ọmọ náà wí. Ó kàn fa ìlà sórí ibi tí wọ́n kọ “ọkọ” sí, ó fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀. Ọmọ yẹn tún béèrè C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. Ìyá yẹn bú sẹ́rìn-ín: ilẹ̀ ẹbí wo ló ní C of O? Ìwé tí olórí ẹbí kọ ló gbà.

Owó wọlé láìsí rìbá. Ẹ̀kọ́ tí dókítà ẹran wọn kọ́ wa ju owó náà lọ. Òun ló sọ fún wa pé omi ẹ̀rọ tó ní chlorine máa ń ba Lasota (oògùn àjẹsára tí adìyẹ ń mu nínú omi) jẹ́, pé omi kànga ni ká fi pò ó, ká kọ́kọ́ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ àwọn adìyẹ kí wọ́n lè tètè mu ún tán. Àwọn ará àdúgbò ti wá ń pè mí sí ilé adìyẹ tiwọn.

Àmọ́ sísan owó ọ̀hún! Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan kì í yé kó tó tó bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Gàrí tí mò ń tà l'Ọ́jà Ọba ni mo fi ń san án. Ẹni tí kò bá ní ọjà mìíràn lọ́wọ́, kó má dán an wò, àfi tó bá ra adìyẹ tó ti fẹ́ẹ̀ yé.

Ọmọ káńtà yẹn ló ń wá gbowó báyìí. Ó ti di oníbàárà ẹyin mi, kì í sì í ná an.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti ní kí àbúrò mi obìnrin lọ gba fọ́ọ̀mù.