Ìwé atúmọ̀-èdè tàbí ẹnu àwọn tó ti wọlé ṣáájú?

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè wọ FUTA ní Àkúrẹ́ lè gba ọ̀nà méjì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò ní yunifásítì: kí ó jókòó ti ìwé atúmọ̀-èdè, tàbí kí ó tẹ́tí sí àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ dára fún sípẹ́lì, pàápàá nígbà tí a bá ń kọ lẹ́tà sí olùkọ́.

Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ máa ń yí padà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùkọ́ fúnra wọn ni wọ́n sábà ń pè ní "faculty". Lọ́dọ̀ wa, àkójọpọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni FUTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ti mọ irú àkójọpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí "School". Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní "freshman" lọ́hùn-ún, "fresher" ni níbí.

Ọ̀rọ̀ "carryover" ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Nígbà tí àbúrò mi gbọ́ pé ẹnìkan ní méjì, ó kí i kú oríire, nítorí ó rò pé máàkì ni wọ́n gbé kún tọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan nínú yàrá wọn ló fà á sẹ́yìn, tó ṣàlàyé pé iṣẹ́ tí ènìyàn fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ni, tí ó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe. Nítorí náà, etí ni mo fi ṣáájú, kí a tó ṣí ìwé.