Betaine, SAMe tàbí Creatine: Èwo Ni Kí Ẹni Tó Ń Wá Agbára Rà?

Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára ike betaine, ọ̀kan lára àwọn àfikún oúnjẹ, pé ó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nínú ẹ̀dọ̀, betaine a máa fún homocysteine, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ní methyl kan (ìdìpọ̀ átọ̀mù kékeré), homocysteine náà a sì di methionine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara fi ń kọ́ protein. Methionine yìí ni ara fi ń ṣe SAMe, èyí tó ń pín methyl kiri fún oríṣiríṣi iṣẹ́, tí ọ̀kan pàtàkì nínú wọn jẹ́ ṣíṣe creatine, ohun tí iṣan fi ń tètè dá ATP (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń ná fún agbára) padà nígbà tí a bá sáré tàbí gbé ohun tó wúwo. Ẹ sì kíyè sí i pé ATP kan ni ara ń ná kí ó tó rí SAMe kan ṣe.

Kí ló dé tí a kò kúkú ra creatine fúnra rẹ̀? Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ní São Paulo gbé àbájáde ìdánwò kan jáde, níbi tí wọ́n ti fún àwọn kan ní betaine 2 gíráàmù lójúmọ́, tí wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní creatine 20 gíráàmù: phosphocreatine (creatine tí iṣan tọ́jú pamọ́ fún dídá ATP padà) inú iṣan àwọn tó lo creatine pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ti àwọn tó lo betaine nìkan kò pọ̀ sí i. 20 gíráàmù pọ̀ o. 3 sí 5 lójúmọ́ ti tó ẹni tí kò kánjú. Creatine monohydrate lásán ni kí ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ náwó lé oríṣi mìíràn. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu ní láti kọ́kọ́ rí dókítà.

Iṣẹ́ tí betaine mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni dídín homocysteine inú ẹ̀jẹ̀ kù. Òfin Yúróòpù gba àwọn tó ń tà á láyè láti sọ ọ̀rọ̀ homocysteine yìí bí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó 1.5 gíráàmù lójúmọ́, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bí ó bá ju 4 gíráàmù lọ, ó lè mú kí cholesterol lọ sókè.

Ní ti SAMe, ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti oríkèé ríro ni wọ́n sábà máa ń torí ẹ̀ rà á. Ó wọ́n, ó sì tètè ń bàjẹ́ bí ooru tàbí ọ̀rinrin bá kàn án, nítorí náà hóró tí wọ́n bò lára, tó wà nínú káàdì oògùn, ló sàn. Ẹni tó ní àìsàn bipolar (àìsàn ọpọlọ tí ń mú kí inú dùn jù, kí ó sì tún bàjẹ́ jù) tàbí tó ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìsọ fún dókítà.

Bí ó bá ṣì jẹ́ betaine lẹ fẹ́, ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Betaine anhydrous, tí wọ́n tún ń pè ní TMG, ni à ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Betaine HCl yàtọ̀: àwọn tó ń wá ásíìdì kún ti inú ikùn ni wọ́n ń tà á fún, kò sì yẹ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú rárá.