Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, l'Àgbádárìgì: ẹ má kàn lọ ya fọ́tò, ẹ lọ torí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá ó yẹ kéèyàn náwó ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó yẹ o, ó yẹ gan-an ni. Ilé náà ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára ẹ̀, àtẹ̀gùn onípákó, páànù lórí, kànga àtijọ́ lágbàlá, ọ̀sà ò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá lọ torí ilé nìkan á wò ó tán kíákíá, á ní ṣé ó parí náà nìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti mọ ìtàn Crowther, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tà lẹ́rú tó padà wá di bíṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó gun òkè, ẹ ò ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Mo máa ń gbọ́ káàkiri pé òun ló kọ́ ilé yẹn, kì í ṣòun o. Àwọn míṣọ́nárì CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, Townsend bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1842, Gollmer parí ẹ̀ ní 1845, ọdún yẹn náà ni Crowther dé sílùú. Kì í sì í ṣe Àgbádárìgì ni wọ́n ti tà á, Èkó ni wọ́n ti gbé e wọkọ̀ àwọn Potogí. Ọmọ Òṣoògùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun ní 1822, ó di Freetown ní Sierra Leone, ibẹ̀ ló ti kàwé tó sì ṣèrìbọmi, wọ́n wá fi í ṣe àlùfáà ní London ní 1843.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wo ọjà ẹrú Vlekete àtàwọn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà nílé Mobee, ìdílé olóyè tó ṣòwò ẹrú nígbà náà, kẹ́ ẹ tó débí. Tẹ́ ẹ bá ti rí irin yẹn tán, ọ̀rọ̀ yẹn á yé yín, pé ẹni tí wọ́n ti tà rí, òun àtìyàwó ẹ̀ tí wọ́n gba òun náà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wá ń wàásù nílùú tí wọ́n ṣì ti ń ta èèyàn. Abẹ́òkúta gan-an ló ń lọ, ogun dí ọ̀nà, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, tún kú, ni wọ́n bá dúró l'Àgbádárìgì di 1846. Ìgbà tó wá dé Abẹ́òkúta ló rí ìyá ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25, òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe nìyá òun ń gbọ̀n, àwọn ń wora àwọn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ibi tí omi bọ́ lójú mi nìyẹn, mi ò lè purọ́.

Gáìdì tó mú wa yíká mọṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, ó ní sùúrù fáwọn ọmọ tó ń bèèrè ìbéèrè. Wọ́n á fi Bíbélì Yorùbá àtijọ́ hàn yín, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀, torí iṣẹ́ títúmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá gùn, Ìwé Róòmù jáde ní 1850, ó tún lé lọ́gbọ̀n ọdún kí odindi Bíbélì tó pé, òun àti Thomas King àtàwọn míì ni wọ́n jọ ṣe é.

Ẹ rí i pé ẹ bèèrè nípa ìgbà tó di bíṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864 ní Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jẹ ẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, ó wá kó iṣẹ́ Ọlọ́run gba etí odò Ọya lọ, Lọ́kọ́ja, Onitsha, títí dé Bonny, àwọn tó sì bá a ṣiṣẹ́, adúláwọ̀ bíi tiẹ̀ ni. Ní 1890 àwọn òyìnbó CMS kéékèèké tí ò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ wá ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ dúró lójú ẹ̀, àgbàlagbà bíi tiẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó kú l'Ékòó lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn 1891. Ọdún 2014 kí Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury, olórí ìjọ Áńgílíkà, tó sọ ọ́ ní gbangba pé ìjọ ṣẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ jù, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ tètè kúrò nílé o, tẹ́ ẹ bá gba Mile 2 l'Ékòó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí ẹ̀. Ẹ di àwọn àgbà mú lórí àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ tó bá ti tó ìwé márùn-ún á gbádùn ẹ̀ jù, èmi sì ti sọ fáwọn tèmi pé Ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's l'Áké, l'Ábẹ́òkúta, ló kàn.